Ọ̀rẹ́ ọmọ mi fẹ́ bá wa wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ lọ sí Cozumel, ìyá rẹ̀ kò sì fi ìwé ránṣẹ́

Ìyá kan tó ń gbé ní Katy, lẹ́bàá Houston, ló kọ̀wé sí mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ nìyí: “Èmi, ọkọ mi, ọmọbìnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ 11 la fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ láti èbúté Galveston ní Texas lọ sí Cozumel àti Progreso ní Mẹ́síkò nígbà ìsinmi iléèwé. Ọmọbìnrin wa ní òun kò lọ àfi tí ọ̀rẹ́ òun bá bá wa lọ. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni ọ̀rẹ́ náà, ọmọ ọdún 14 ni, nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ṣì wà ní Ìbàdàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, ‘Ọmọ yín náà ni, ẹ mú un lọ jàre.’ Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti ní kó fi ìwé ọmọ náà ránṣẹ́, iṣẹ́ alẹ́ ló ní ó ń dí òun lọ́wọ́. Ṣé kò fọkàn tán wa ni? Ọkọ mi ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ìbí nìkan ti tó, pé ṣebí ọkọ̀ náà á padà sí ibi tó ti gbéra. Ta ló sì yẹ kó sanwó ọmọ náà?”

Ẹ kú àníyàn ọmọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ẹbí gba àyè nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Texas ló sì pọ̀ jù nínú wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín kò ṣàjèjì sí mi. Ohun tó ń dùn yín jù nínú ìwé yín ni pé ó dà bíi pé ìyá ọmọ náà kò fọkàn tán yín. Mo rò pé ibòmíràn ni ìṣòro náà wà. Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ ọkọ yín bẹ̀rẹ̀, torí ohun tó sọ ló máa ṣí èyí tó kù.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín kì í ṣe irọ́, ó kàn kù díẹ̀ ni. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní èbúté kan ní Amẹ́ríkà tó sì padà sí èbúté kan náà, òfin yọ̀ǹda fún ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti wọ̀ ọ́ láìní páspọ́ọ̀tù. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 16, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ìbí nìkan tó. Ẹni tó bá ti pé 16 yóò fi káàdì ìdánimọ̀ ìjọba tó ní fọ́tò kún un. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni òfin yẹn ń bá wí. Kò bá ọmọ tó ní green card wí, kò bá ọmọ tó wà lórí físà wí, bó ti wù kó pẹ́ tó tí òun àti ọmọ yín ti jọ ń jókòó ní kíláàsì kan náà. Ọmọ tó ní green card gbọ́dọ̀ mú káàdì náà gan-an dání, kó sì mú páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá kún un. Ní ti Mẹ́síkò, green card tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ń yọ ọmọ Nàìjíríà nínú wàhálà físà. Orílẹ̀-èdè míì tí ọkọ̀ lè yà sí, tirẹ̀ lè yàtọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ béèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó wúwo jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nígbà tó jẹ́ Galveston lọkọ̀ ti gbéra, tó jẹ́ Galveston ló máa padà sí, tí àwa fúnra wa sì ń sùn nínú ọkọ̀ lálaalẹ́, a kò jáde ní Amẹ́ríkà. A jáde. Lójú àwọn aṣọ́bodè, ẹni tó fi ọ̀sán kan ṣoṣo jẹ ẹja ní Cozumel àti ẹni tó lọ lo ọdún kan ní Èkó, àwọn méjèèjì ló kúrò nílùú, àwọn méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti wọlé padà. Ẹni tó ti kọ̀wé béèrè fún green card láti inú Amẹ́ríkà níbí, tí káàdì náà kò tíì jáde, bó bá kúrò nílùú láì kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ àtiwọlé padà tí wọ́n ń pè ní advance parole, ìjọba lè kà á sí pé ó ti pa ohun tó béèrè tì. Àwọn kan wà tí òfin yọ sílẹ̀, irú bí àwọn tó wà lórí físà iṣẹ́ H tàbí L, ṣùgbọ́n lọ́yà ló lè sọ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe èmi tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí físà àwọn òbí rẹ̀ ti kọjá ọjọ́ ńkọ́? Bó bá jáde, ó lè má rí ọ̀nà wọlé mọ́. Ọmọ ọdún 14 fúnra rẹ̀ sì lè máà mọ nǹkan kan nípa gbogbo èyí, torí àwọn òbí wa kì í sọ ọ̀rọ̀ pépà létí ọmọ.

Nítorí náà, nígbà tí ìyá kan bá fi ẹ̀rín sọ pé ọmọ yín ni, tó wá dákẹ́ nígbà tí wọ́n dárúkọ ìwé, mi ò ní sáré sọ pé kò fọkàn tán wa. Ẹni tí kò fọkàn tán yín kò ní kọ́kọ́ ní kí ẹ mú ọmọ lọ. N kò mọ ìyá yìí, n kò sì lè búra. Ó lè jẹ́ pé pépà wọn kò tíì jáde. Ó lè jẹ́ pé páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà ọmọ náà ti kọjá ọjọ́, ẹ sì mọ̀ pé ọ́fíìsì Nàìjíríà tó wà ní Atlanta ló ń gbọ́ ti àwa ará Texas, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn dé. Ó lè jẹ́ pé òun àti bàbá ọmọ kò gbọ́ra wọn yé mọ́, tí kò sì fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ó lè jẹ́ owó. Ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ alẹ́ lóòótọ́: ẹni tó fi wákàtí 12 dúró ní wọ́ọ̀dù, oorun ni yóò kọ́kọ́ wá bó bá délé, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ọjọ́ìbí.

Ẹ má bi í pé ṣé ó ní pépà. Ẹ má sì ní kí ọmọ yín fi ọ̀rọ̀ wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu wò lórí fóònù. Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn oníbàárà mi ṣe ni pé kí wọ́n kó gbogbo ohun tí ọkọ̀ ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn jọ, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òbí ọmọ náà bó ṣe wà, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún òbí náà láti sá. Nǹkan bí èyí: “Ẹ kú iṣẹ́ alẹ́ o, ìyá wa. Ohun tí wọ́n ní kí ọmọ ilẹ̀ yìí mú wá nìyí, ti ẹni tó ní green card nìyí, ti ẹni tó wà lórí físà nìyí. Wọ́n ní jíjáde nílùú ni wọ́n ń kà á sí o. Bí kò bá rọrùn lásìkò yìí, ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé rárá, a ó wá ibòmíràn tí àwọn ọmọ lè jọ lọ.” Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí òun ló máa jẹ́ kó lè sọ pé rárá láìtú àṣírí ara rẹ̀. Bó bá sì ní rárá, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ má wádìí, ẹ má sì gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ká wá ní ó dáhùn pé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọmọ òun, pé ìwé ẹ̀rí ọjọ́ìbí rẹ̀ wà nílé. Ẹ wò ó dáadáa: èyí tí ìjọba fún un ni wọ́n ń gbà, wọn kì í gba èyí tí ọsibítù tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ìkókó sí. Síbẹ̀, páspọ́ọ̀tù ni mo fẹ́ràn fún ọmọ ọlọ́mọ. Bó bá kán lẹ́sẹ̀ ní Cozumel, tàbí tó pẹ́ létíkun tí ọkọ̀ fi ṣí, bàálù ni yóò gbé e padà, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ìbí kò sì lè mú un wọ bàálù láti Mẹ́síkò. Páspọ́ọ̀tù ọmọ tí kò tíì pé 16 jẹ́ dọ́là 100, wọ́n á tún gba dọ́là 35 níbi tí wọ́n bá ti lọ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, ọdún 5 ló sì ń lò. Ibi tó ti le ni pé òbí méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bàbá tó wà ní Ìbàdàn yóò kọ fọ́ọ̀mù DS-3053, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda òbí tí kò lè wá fúnra rẹ̀, yóò fọwọ́ sí i níwájú ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí i, kó tó fi ránṣẹ́. Ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà ní Èkó ló dájú jù. Bí ìyá bá ní ìwé ilé-ẹjọ́ pé òun nìkan ló ni ìtọ́jú ọmọ, ìyẹn yàtọ̀. Gbogbo rẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìyọ̀ǹda, ibẹ̀ sì ni àṣà wa ti máa ń kó wa sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní èbúté Galveston kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé márùn-ún ló wà níwájú rẹ̀, orúkọ bàbá kan náà ló wà lórí mẹ́rin, ìkarùn-ún yàtọ̀. Yóò gbójú sókè, ọmọ náà ni yóò sì kọjú sí, kì í ṣe ẹ̀yin: ta lo bá wá, mọ́mì rẹ dà? Mo ti wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ kan fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé “àǹtí mi ni,” gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Òṣìṣẹ́ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rí pé obìnrin náà bá ìyá ọmọ náà tan. Kò sí ẹbí kankan láàárín wọn. Ìlà tó wà lẹ́yìn wọn gùn dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ náà sì ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó jalè. Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ ọmọ yín ṣáájú pé tí wọ́n bá bi í, kó ní ìyá ọ̀rẹ́ òun ni yín.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Royal Caribbean, bí àpẹẹrẹ, kì í jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe òbí mú ọmọ wọlé láìsí ìwé tí ó kéré tán òbí kan fọwọ́ sí níwájú nótárì (ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìbuwọ́lù), ojúlówó rẹ̀, kì í ṣe fọ́tò inú fóònù. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ pé ìyá ọmọ fún yín láṣẹ láti mú un lọ nínú ọkọ̀ yìí gan-an, láti máa bójú tó o, láti fọwọ́ sí ìwé fún un níbi eré tó lè fa ìpalára, àti láti gbà kí dókítà tọ́jú rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ míì kàn ń gbani nímọ̀ràn ni, àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà náà sì ń gbani nímọ̀ràn pé kí òbí méjèèjì fọwọ́ sí i. Ní ọkọ̀ yòówù kí ẹ wọ̀, ẹ gba ìwé yẹn. Ẹ kọ orúkọ ọmọ bó ṣe wà lórí ìwé rẹ̀, orúkọ yín, orúkọ ọkọ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé, àwọn ìlú tẹ́ ẹ máa yà sí, àti nọ́ńbà tí wọ́n lè fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lóru. Nótárì ní Texas kò gbọ́dọ̀ gbà ju dọ́là 10 lọ fún ìbuwọ́lù kan tí wọ́n bá ṣe níwájú rẹ̀, àwọn báǹkì kan sì ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún oníbàárà wọn. Bí bàbá bá fẹ́ fi tirẹ̀ kún un láti Nàìjíríà, dọ́là 50 ni ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà ń gbà lórí òǹtẹ̀ kan. Ohùn ìyá ọmọ lórí WhatsApp, bó ti wù kó dùn tó, kì í ṣe ìwé.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ lọ bi í nílé rẹ̀, ẹ̀yin méjì nìkan: kí ni jẹ́nótáìpù ọmọ náà? Mo mọ̀ pé a máa ń fi ọ̀rọ̀ SS pamọ́, pàápàá fún ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n oòrùn Mẹ́síkò, omi tútù, àti sáré-sókè-sáré-sódò láti àárọ̀ dalẹ́ láìmu omi tó lè gbé ìrora dìde fún ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Dókítà àti nọ́ọ̀sì wà nínú ọkọ̀ o, ṣùgbọ́n yàrá ìtọ́jú ni, kì í ṣe ọsibítù ńlá, owó rẹ̀ ń gorí àkáǹtì yín, ìnṣọ́ránsì tí ẹ ní nílé sì lè má san án nítorí pé òkè òkun ni. Bó bá di pé kí wọ́n fi bàálù gbé aláìsàn láti àárín òkun tàbí láti Mẹ́síkò, ó lè tó ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Nítorí náà ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò tó ní gbígbé aláìsàn nínú, lórúkọ ọmọ náà, kó má jẹ́ tiyín nìkan. Ìyá rẹ̀ nọ́ọ̀sì ni, yóò yé e. Ẹ béèrè ikọ́ efée àti oúnjẹ tí ara rẹ̀ kò gbà pẹ̀lú. Bó bá sì jẹ́ ilé Mùsùlùmí, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, kí ọmọ má baà dúró nídìí oúnjẹ àárọ̀ tí ojú á máa tì í.

Ní ti yàrá, ẹ ti di márùn-ún, yàrá tó gba márùn-ún kò wọ́pọ̀, ó sì wọ́n. Yàrá méjì tó kọjú síra tàbí tó ní ilẹ̀kùn láàárín ló máa ń bọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni pé ẹni méjì àkọ́kọ́ nínú yàrá ń san owó pípé, ẹnìkẹta àti ìkẹrin ń san díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fẹ́ kí orúkọ àgbàlagbà kan wà lórí yàrá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àwọn ẹbí máa ń kọ bàbá sí ọ̀kan, ìyá sí èkejì, bí wọ́n bá ti wọlé tán wọ́n á lọ gba kọ́kọ́rọ́ àfikún, kí kálukú lè sùn síbi tó wù ú. Ohun kan tún wà tí ọmọ yín kò ní mọ̀ títí tí ọkọ̀ fi máa ṣí: ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ inú ọkọ̀. Ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Carnival, bí àpẹẹrẹ, ọmọ 12 sí 14 wà lọ́tọ̀, 15 sí 17 wà lọ́tọ̀. Tiyín jẹ́ 15, ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ 14. Wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n wọ yàrá eré kan náà, bí ọjọ́ìbí èyí ẹ̀yìn bá tilẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bóyá wọ́n lè gba ẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Agogo 1 òru ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lé ọmọdé kúrò ní gbàgede. Tèmi ni pé agogo 11 ti tó, kí wọ́n sì má sọ̀ kalẹ̀ ní Cozumel láìsí yín, torí ọdún 18 ni òfin Mẹ́síkò fi gbà kéèyàn ra ọtí, ọmọ ọdún 15 tó ga sì lè dà bí 18 lójú ẹni tó ń ta ọtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun.

Owó wàyí. Ẹ̀yin lẹ pe ọmọ, ẹ̀yin ni mo rò pé ó yẹ kí ẹ san owó ọkọ̀, tàbí kí ẹ ti sọ iye tí ẹ ń retí láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Èyí tó ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ ni kí wọ́n dákẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ ìrìnàjò. Ẹ rántí pé owó òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ nìkan ju dọ́là 15 lọ fún ẹnì kan lóòjọ́ nínú àwọn ọkọ̀ ńlá, ọmọdé ń san án bí àgbà, ká tó dórí mínírà, íntánẹ́ẹ̀tì àti ìgbafẹ́ orí ilẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ fún ọmọ lówó ọwọ́, ẹ gbà á, ẹ má ní rárá. Ó fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn ní òbí ni. Ẹ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ fi ìwọ̀n sí iye tí káàdì tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń lò nínú ọkọ̀ lè ná, nítorí ojú ẹ̀rọ géèmù kì í mọ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ tún lọ wo ọjọ́ tí owó ìkẹyìn máa wọlé. Nǹkan bí ọjọ́ 75 sí 90 ṣáájú ìrìnàjò ni lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ owó tí wọ́n máa dá padà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ẹ fún ìyá náà ní ọjọ́ tó ṣáájú ìyẹn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ìwé kò bá dé lọ́jọ́ náà, ẹ yọ orúkọ ọmọ kúrò láìbínú, ẹ pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lórí fóònù kí wọ́n tún yàrá kejì ṣètò, torí ẹni tó bá dá nìkan wà nínú yàrá ń san fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹni méjì. Kí ẹ sọ fún ọmọbìnrin yín pé ètò kò bọ́ sí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè mú àwọn méjèèjì lọ sí Galveston náà fún òpin ọ̀sẹ̀ kan. Etíkun wà níbẹ̀, ọgbà ìgbafẹ́ Moody Gardens wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa béèrè páspọ́ọ̀tù kẹ́ ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan omi. Nínú ọkọ̀, àbúrò rẹ̀ ni yóò wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kejì tó ṣófo. Inú tirẹ̀ yóò dùn. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi kúrò ní èbúté.